Abúlé Aró àti Ẹbí Tó Bá Aláìsàn Lọ

Aró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Abẹ́òkúta. Kí ọdún 1954 tó dé, abúlé àgbẹ̀ ni, bí ọ̀pọ̀ abúlé Ẹ̀gbá yòókù. Lẹ́yìn ọdún náà, nítorí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà níbẹ̀, ni orúkọ rẹ̀ bọ́ sẹ́nu gbogbo Yorùbá, tó sì di ohun àwàdà àti èébú: bí ẹnìkan bá hùwà tí kò bójú mu, wọ́n á ní kí wọ́n tètè máa gbé e lọ sí Aró, bí àwọn ará Èkó ṣe máa ń dárúkọ Yábà. Ẹni tó ń buni bẹ́ẹ̀ kì í sábà mọ̀ pé ibi tó ń dárúkọ yẹn wà lára ibi tí àwọn oníṣègùn Òyìnbó ti wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní Aró nígbà náà, ọ̀pọ̀ aláìsàn ọpọlọ kò gbé inú ọgbà olódi. Àárín abúlé ni wọ́n wà, nínú yàrá tí wọ́n háyà, pẹ̀lú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí aya tó bá wọn wá láti ilé. Wọ́n á rìn lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, wọ́n á sì padà sídìí ọbẹ̀ tí ẹni wọn ti sè dè wọ́n.

Kì í ṣe ìjọba ló dá ọgbọ́n náà sílẹ̀. Kí Òyìnbó tó kọ́ ilé wèrè àkọ́kọ́ ni Yorùbá ti ní orúkọ fún oríṣiríṣi ọ̀nà tí orí ènìyàn fi ń dàrú. Asínwín ni ẹni tí tirẹ̀ dé lójijì, tó ń sá kiri, tó ń jà, tó ń fa aṣọ ya. Wèrè aláṣọ ní tirẹ̀ ṣì ń wọ aṣọ, ó ń kí ènìyàn, àlejò sì lè bá a jókòó pẹ́ títí kó tó fura. Ti abísínwín jẹ mọ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọdẹ orí kì í ṣe wèrè rárá: ó máa ń dà bí ẹni pé kòkòrò ń rìn kiri nínú orí, àyà á máa já, oorun á kọ̀ kò wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, ó sì ń fi ìnira bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n tún ń pín àrùn náà nípa orísun rẹ̀. Amútọ̀runwá wà, ti ìdílé wà, àfiṣe náà sì wà, èyí tí wọ́n gbà pé ọwọ́ ọ̀tá ló ti wá. Ìpín wọ̀nyí ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Adáhunṣe tó bá gbọ́ pé lójijì ni ó dé máa ń fi ọkàn ẹbí balẹ̀. Bí ó bá gbọ́ pé bàbá bàbá aláìsàn náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, yóò kìlọ̀ fún wọn pé ọ̀nà náà jìn.

Ilé adáhunṣe yìí gan-an ni ilé ìwòsàn ìgbà náà. Ẹbí á gbé aláìsàn wá, ẹnìkan nínú wọn á sì dúró tì í láti máa dáná fún un. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ara rẹ̀ wálẹ̀. Egbò asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n sábà ń lò fún èyí, wọ́n á lọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n sè é fún un mu, yóò sì sùn fọnfọn. Bí ó bá jí, wọ́n á dín agbára oògùn náà kù, wọ́n á sì máa fún un lọ́jọ́ dé ọjọ́. Orúkọ igi náà kò fi nǹkan kan hàn ju pé ó ń so èso tí ẹyẹ ń jẹ, ṣùgbọ́n Rauwolfia vomitoria ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà ni ilé iṣẹ́ Ciba ti ilẹ̀ Switzerland sì ti yọ reserpine jáde ní 1952. Fún ọdún mélòó kan, reserpine wà lára oògùn tí àwọn dókítà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbójú lé fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún wèrè. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ àpilẹ̀kọ jáde nípa bí àwọn adáhunṣe Nàìjíríà ṣe ń fi igi yìí wo wèrè.

Ohun tó burú wà nínú ilé wọ̀nyí pẹ̀lú, kò sì sí èrè nínú bíbò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí aláìsàn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ há àárín igi, wọ́n sì ń fi pàṣán bá a wí bí ó bá ta kú. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé ó lè sá lọ tàbí kó pa ẹlòmíràn lára. Àmọ́ ilé yìí kan náà mọ bí wọ́n ṣe ń dá ènìyàn padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ara bá ti yá, wọ́n á mú un lọ sí odò tó ń ṣàn. Wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á rú ẹbọ, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì bọ́ aṣọ tó wọ̀ nígbà àìsàn kúrò lára rẹ̀ kí omi gbé e lọ. Aṣọ tuntun ni yóò wọ̀ kúrò níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá a lọ rí i pé àìsàn náà ti bá omi lọ. Ó di dandan fún wọn láti bá a lò bí ènìyàn. Ilé ìwòsàn ìgbàlódé tó ń fi káàdì àti ìwé oògùn nìkan sin aláìsàn jáde kò tíì rí ohun tó lè dípò èyí.

Ìdènà ní ọ̀nà tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pè é ní ìlera ọpọlọ. Wọn kì í dá ìyá ọmọ tuntun dá ilé. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ á kó wá, yóò máa fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, yóò máa gbọ́mọ kí ó lè sùn, yóò sì máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹ̀rù abísínwín wà lára ohun tó mú kí ìṣọ́ yìí le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí nǹkan kò bá lọ déédéé fún, tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì, ni wọ́n á ní kó lọ bọ orí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń bọ orí, kì í dá nìkan pa obì rẹ̀, ẹbí á jókòó yí i ká, wọ́n á wúre fún un, wọ́n á jẹun. Àáró àti ọ̀wẹ̀ kò jẹ́ kí àgbẹ̀ tó ń ṣàìsàn tàbí tó ń ṣọ̀fọ̀ rí i kí igbó gba oko rẹ̀. Bí ènìyàn bá kú, àwọn èrò kì í jẹ́ kí opó tàbí ọmọ òkú dá wà fún ọjọ́ púpọ̀, àwọn mìíràn a sì máa ráhùn pé ariwo àwọn aṣèbẹ̀wò pọ̀ ju ìbànújẹ́ lọ. Bóyá ohun tí ariwo náà wà fún gan-an nìyẹn.

Ìdènà kan wà tó mú ìtìjú lọ́wọ́. Kí ìgbéyàwó tó wáyé, alárinà gbọ́dọ̀ wádìí bóyá wèrè, ẹ̀tẹ̀ tàbí wárápá wà nínú ìdílé náà. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń fi aláìsàn pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, kí orúkọ má bàa bàjẹ́ kí ọmọbìnrin ilé má sì rí ọkọ fẹ́. Òwe tó ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, ń sọ òótọ́ nípa bí ara ìyá aláìsàn ti rí, ó sì tún ń sọ ohun tí àwọn tó ń wò ó ń ṣe. Ìgbàgbọ́ mìíràn ní pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò gbóògùn mọ́. Ojú méjì ni ìgbàgbọ́ yìí ní: ó ń lé ẹbí sáré wá ìtọ́jú kí ó tó pẹ́ jù, ó sì ń fún wọn láyè láti káwọ́ gbera nígbà tí ẹni wọn bá ti dé ọjà.

Ọ̀nà mìíràn ni ìjọba amúnisìn gbà ní tiwọn. Ní 1904 wọ́n ṣí ilé wèrè kan ní Calabar. Ní 1906, òfin kan jáde tó fún ìjọba Gúúsù Nàìjíríà láṣẹ láti mú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú kí wọ́n sì tì í mọ́lé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1907, ti Yábà ṣílẹ̀kùn nínú ilé kan tí àwọn rélùwéè ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ènìyàn 14 ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, obìnrin 8 àti ọkùnrin 6. Àlàáfíà ìgboro ni òfin náà ń wá, kì í ṣe ìwòsàn. Ẹni tó bá ń da ọjà rú tàbí tó ń dẹ́rù ba àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọlọ́pàá ń kó. Ẹni tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú yàrá ìyá rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá kò kàn wọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí dókítà tó kọ́ nípa ọpọlọ tó ń mójú tó àwọn tó wà níbẹ̀, yàrá wọn kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tí Robert Cunyngham Brown wá láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1936 láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fún ìjọba, ó hàn gbangba pé àwọn aláìsàn tó wà lọ́wọ́ ẹbí àti adáhunṣe pọ̀ ju èyí tó wà lábẹ́ ìjọba lọ fíìfíì.

Ogun Àgbáyé Kejì ló mú ọ̀rọ̀ náà dé Abẹ́òkúta. Àwọn sójà tí wọ́n kó lọ sójú ogun ń padà bọ̀, orí àwọn kan nínú wọn kò sì pé mọ́. Ní 1944 ni ìjọba sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò di ilé ìtọ́jú fún wọn. Lẹ́yìn ogun, wọ́n pinnu láti kọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó péye, èyí tí yóò gba ibùsùn 200, sí Aró tí kò jìnnà síbẹ̀. Ilé náà kò tíì parí nígbà tí wọ́n fi ọmọ Abẹ́òkúta kan ṣe olórí rẹ̀ ní 1954.

Thomas Adéoyè Lambo ni ọmọ náà. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì tún kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ọ̀nà yẹn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ dókítà ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ni bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ilé ńlá olódi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn wà nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í padà sílé mọ́. Lambo padà dé ìlú tí wọ́n ti bí i, ilé tí wọ́n ní kó máa ṣàkóso kò tíì ṣeé gbé, àwọn aláìsàn sì ti ń dé.

Ó tọ àwọn àgbà abúlé lọ. Abúlé mẹ́rin tó yí ilé ìwòsàn náà ká ló gbà láti fún àwọn aláìsàn ní yàrá, Aró fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn. Ìlànà kan ṣoṣo ni kò ṣeé yẹ̀: kò sí aláìsàn tí wọ́n máa gbà láìsí ẹbí rẹ̀ kan, ó kéré tán, tí yóò bá a gbé, tí yóò máa se oúnjẹ rẹ̀, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹbí ló ń san owó yàrá fún onílé. Ní tiwọn, àwọn ará abúlé rí omi ẹ̀rọ, àwọn tó ń gbógun ti ẹ̀fọn wá fún wọn láti ilé ìwòsàn, àwọn kan nínú wọn sì ríṣẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe àánú nìkan ló ṣí ilẹ̀kùn wọn. Ètò tó bá gbójú lé àánú nìkan kì í pẹ́, Lambo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀, àwọn aláìsàn á gba oko kọjá lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú tó wà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà: chlorpromazine, oògùn tí àwọn dókítà Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún wèrè ní 1952, wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni iná mànàmáná tí wọ́n ń fi kan orí. Ìyókù ọjọ́ ni ohun tuntun wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lè dá oko a ro oko pẹ̀lú onílé rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ ọwọ́ a máa ṣe é. Nírọ̀lẹ́, ayò ń bẹ, ìlù ń bẹ, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń bẹ, bí ọdún ìbílẹ̀ bá sì dé, aláìsàn àti ará ilé ni wọ́n jọ ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì máa ń rìn láti abúlé kan sí èkejì láti wò bí nǹkan ṣe ń lọ.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Aró sábà máa ń fi í wé Geel ní ilẹ̀ Belgium, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sínú ilé wọn láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àfiwé náà bọ́ sí i dé ìwọ̀n àyè kan. Àlejò ni aláìsàn jẹ́ ní Geel, ilé onílé ni ó ń gbé. Ní Aró, ẹbí tirẹ̀ ló tẹ̀lé e wá, ìyàtọ̀ yìí ló sì gbé gbogbo èrè jáde. Dókítà lè bi ìyá léèrè ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀. Ìyá náà rí bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú ara rẹ̀, ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá kọ̀ láti lò ó, ó kọ́ àmì tó máa ń ṣáájú kí àìsàn tó tún gbérí: oorun tó dá, ọ̀rọ̀ tó yára jù, ìbínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n bá padà sílé, nọ́ọ̀sì kan ti wà nínú ilé náà, bí kò tilẹ̀ wọ aṣọ funfun. Àwọn ará abúlé náà yí padà. Ọmọ tí wọ́n bí sí Aró rí asínwín nígbà tó dé nínú ìdè, ó sì tún rí i lẹ́yìn oṣù díẹ̀ nígbà tó ń bá bàbá rẹ̀ ta ayò. Ìkẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé pélébé kankan.

Ètò náà kò wọ́n ìjọba, nítorí pé kò sí ilé ńlá láti kọ́ àti oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti sè. Ẹlòmíràn ló ń san iye tó kù. Fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀ ni àgbàlagbà kan á fi oko tàbí ọjà rẹ̀ sílẹ̀ láti jókòó ti aláìsàn, obìnrin ló sì máa ń sábà jẹ́. Ìwé tí wọ́n ti kọ nípa Aró kún fún orúkọ dókítà. Ìyá àti àbúrò tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ láti Ìjẹ̀bú tàbí Ìbàdàn wá kò lórúkọ níbẹ̀.

Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù ni pé Lambo fi àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe alábàáṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé ó ní kí wọ́n máa fún aláìsàn ní àgbo nínú ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ wọn wà ní abúlé: wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ láti lóye ohun tí aláìsàn ń sọ nípa àlá rẹ̀ àti ẹ̀rù rẹ̀, wọ́n ń darí ètùtù tí ẹbí bá fẹ́, wọ́n sì ń bá a ṣètò bí àwọn aláìsàn ṣe ń ṣe nǹkan pọ̀. Ẹni tó gbà pé èpè ló ń ja òun kì í gbàgbé èpè náà nítorí pé dókítà fún un ní oògùn. Ó fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa èpè sọ fún un pé ó ti tán. Àwọn dókítà kan láti òkè òkun yìn ín, àwọn mìíràn bẹnu àtẹ́ lù ú. Tolani Asuni, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Aró tó sì gba ipò lọ́wọ́ Lambo ní ọdún 1963 nígbà tí Lambo lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò gba gbogbo rẹ̀ wọlé láìwádìí. Ó rí i pé àwọn aláìsàn kan ń dé Aró pẹ̀lú ọgbẹ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, ní 1979 ó sì kọ àpilẹ̀kọ nípa ìdààmú tó wà nínú pé kí ìjọba bá ìwòsàn ìbílẹ̀ da ọwọ́ pọ̀. Àwọn méjèèjì ló rí òótọ́ kan. Ohun tí Lambo mú nílé adáhunṣe ni ẹbí, ìjókòó pọ̀ àti ètùtù ìpadàsílé. Ohun tí Asuni ń kọ̀ ni pàṣán àti irin.

Ní oṣù kọkànlá 1961, Abẹ́òkúta gbàlejò ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ọdún yẹn kan náà ni ìwádìí tí Yunifásítì Cornell ti Amẹ́ríkà àti Aró jọ ṣe wáyé, lábẹ́ Alexander Leighton àti Lambo. Wọ́n lọ sí abúlé 14 ní ẹkùn Abẹ́òkúta, wọ́n sì lọ sí ìgboro Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, wọ́n ń bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè nípa oorun, àyà jíjá, ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́, wọ́n sì ń wádìí lẹ́nu baálẹ̀ nípa àwọn ènìyàn rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ìwé ní 1963. Àwọn Òyìnbó kan ti máa ń kọ ọ́ pé ará oko ní Áfíríkà kì í ní ìrònú tó lè mú ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ìwádìí náà sọ èyí di irọ́: ìpayà àti ìbànújẹ́ tó ń mú Òyìnbó ń mú àgbẹ̀ Ẹ̀gbá. Ó tún fi hàn pé ibi tí àjọṣe ti túká, tí ètò ìlú kò dúró mọ́, ni ìnira ọkàn ti pọ̀ jù. Àwọn ìyá tó ń ṣọ́ abiyamọ kò nílò kí yunifásítì sọ ìyẹn fún wọn, ṣùgbọ́n ìjọba nílò rẹ̀ lórí ìwé.

Jane Murphy, tó wà lára àwọn olùwádìí náà, padà lo ohun tó rí nílẹ̀ Yorùbá nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní ìwé ìròyìn Science ní 1976. Nígbà náà, àwọn kan ń jiyàn ní Amẹ́ríkà pé kò sí ohun tó ń jẹ́ wèrè, pé àwùjọ ló kàn ń lẹ orúkọ mọ́ ẹni tí kò fẹ́ràn. Murphy dáhùn pé Yorùbá, tí kò ka ìwé dókítà kankan, ní ọ̀rọ̀ náà wèrè fún ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ohun ẹ̀rín, tó sì ń bọ́ aṣọ sílẹ̀, pé wọn kì í sì í fi pe elégùn tí òrìṣà gùn.

Prince ní tirẹ̀ kíyè sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1960 ó ṣàpèjúwe àìsàn kan tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní brain fag: orí á máa gbóná, ojú á ṣókùnkùn, ohun tí wọ́n ń kà kò ní wọlé mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni ọmọ àkọ́kọ́ tó kàwé nínú ìdílé tó ti ta ilẹ̀ tàbí dá owó jọ nítorí rẹ̀. Ẹbí tó ń wo aláìsàn sàn ní Aró lè jẹ́ ẹrù lórí akẹ́kọ̀ọ́ ní ibòmíràn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún ọ̀nà Aró wá láti Ìbàdàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí kan ní ìlú mẹ́sàn-án lórí àrùn schizophrenia, lára wọn ni Lọ́ńdọ̀nù, Moscow, Washington, Agra ní Íńdíà, Cali ní Kòlóńbíà, àti Ìbàdàn. Àwọn aláìsàn 1,202 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wò wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, tí àbájáde sì jáde ní 1979, àwọn ará Ìbàdàn àti Agra wà lára àwọn tó sàn jù, wọ́n ta àwọn ìlú olówó yọ. Ìdí rẹ̀ ṣì ń fa iyàn láàárín àwọn onímọ̀, àmọ́ ọwọ́ ẹbí wà lára ohun tí wọ́n máa ń tọ́ka sí.

Lambo ti kúrò ní Nàìjíríà nígbà náà. Ó ṣe olórí Yunifásítì Ìbàdàn láti 1968 sí 1971, kí ó tó lọ sí Geneva, níbi tó ti di igbákejì olórí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní Dakar, ní ilẹ̀ Senegal, dókítà ọpọlọ Henri Collomb náà ti ń gba ẹbí láyè láti bá aláìsàn gbé ní ilé ìwòsàn Fann. Ní ìpàdé Alma-Ata ní 1978, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ dé ẹsẹ̀kùlé aráàlú, ìlera ọpọlọ sì wà lára ohun tí wọ́n kà. Nàìjíríà kọ ìlànà ìlera ọpọlọ tirẹ̀ ní 1991, ó ní kí wọ́n fi kún iṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ìwé náà dára, owó ni kò tẹ̀lé e.

Abúlé fúnra rẹ̀ ò lè dúró bí ó ṣe wà. Abẹ́òkúta gbòòrò, ìlú gbé oko mì, onílé rí ayálégbé tó ń san ju ẹbí aláìsàn lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù kò lè gba ìsinmi oṣù mẹ́ta láti jókòó ti àbúrò rẹ̀, ọmọ tó yẹ kó ran ìyá lọ́wọ́ wà ní iléèwé. Abẹ́rẹ́ tí agbára rẹ̀ ń wà lára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ dé, ó mú kí ènìyàn lè máa gba ìtọ́jú láti ilé. Díẹ̀díẹ̀ ni yàrá ilé ìwòsàn gba ipò yàrá abúlé. Àṣà pé kí ẹbí bá aláìsàn wá, kí ó fọwọ́ sí ìwé, kí ó sì dáhùn fún un, ló ṣẹ́kù, kò sì sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Nàìjíríà tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní 2011, Aró tún gbé ẹsẹ̀ jáde kúrò nínú ọgbà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn láti dá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wárápá àti wèrè mọ̀, kí wọ́n sì tọ́jú wọn níbi tí ènìyàn ń gbé. Irin kò sì tíì tán lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Human Rights Watch wọ ilé ìtọ́jú 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá, tó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2019, ó bá aláìsàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ilé ìtọ́jú àwọn Mùsùlùmí àti nínú ilé ìtọ́jú ìjọba. Òfin tó ṣì wà lórí ìwé nígbà náà ni ti 1958, tó ń pe aláìsàn ní lunatic, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń lò láti 1906. Ní oṣù kìíní 2023, ààrẹ fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, òfin 1958 sì kúrò nílẹ̀.